Fìlà Djamal Lórí Ẹní Wòlímọ̀

Inú ló ń bí mi, n kò sì ní fi í pa mọ́. Èmi ni Kouboura tó ń ránṣọ ní àdúgbò Houinmè. Djamal, àbígbẹ̀yìn ìyá wa, awakọ̀ ni. Wọ́n mú un ní ẹnubodè Kraké nítorí ẹrù fàyàwọ́ ẹlẹ́rù tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ni ẹrù fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n sọ awakọ̀ sẹ́wọ̀n. Oṣù mẹ́jọ rèé, adájọ́ kò tíì pè é.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n mú un ni ẹ̀gbọ́n wa àgbà, Sikirou, pe gbogbo ilé jọ. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n sétí àdúgbò. Bí wọ́n bá bèèrè, ká ní Djamal ti wáṣẹ́ lọ sí Libreville lókèèrè. Torí kí ni? Torí orúkọ ilé. Orúkọ ilé ọ̀hún, Samia ọmọ Djamal, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni wọ́n gbé e rù. Nílé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bi í ní ohun tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́, òun náà á máa ka bàtà àti báàgì tí kò sí níbì kankan fún wọn. Ẹ gbọ́ ná: lówùúrọ̀ ẹ̀ ń kọ́ ọmọ ní Kùránì, lọ́sàn-án ẹ̀ ń kọ́ ọ nírọ́.

Nígbà tí Samia bi mí pé kí ló dé tí bàbá òun kì í pe òun lórí fóònù, ẹnu mi ò gbà á láti purọ́. Mo sọ fún un. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú tí kò sí ilé ìwé, èmi àti ẹ̀ jọ ń lọ wò ó lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ọmọ náà á ka ohun tó kọ́ nílé kéú fún bàbá rẹ̀, omi á máa bọ́ lójú Djamal, á ní òógùn ni.

Wòlímọ̀ ìparí Kùránì Samia wá dé. Nílé tiwa, bàbá ọmọ ní í jókòó sọ́tùn-ún rẹ̀ lórí ẹní bó bá ń kà. Sikirou ní kí Samia dúró di ọdún tó ń bọ̀, pé àyè tó bá ṣófo lórí ẹní á mú kí èèyàn máa bèèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ tó ti parí Kùránì! Kí ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ funfun, kí òun wà lẹ́yìnkùlé kó máa fọ abọ́? Mo ní kò lè ṣẹlẹ̀ lójú mi. A fà á títí, ó gbà, àmọ́ ó ní òun fúnra òun lòun máa jókòó síbẹ̀, òun á sì sọ fún Àáfà pé bàbá ọmọ wà ní Libreville.

Lọ́jọ́ náà, bí Sikirou ṣe ń kó agbádá rẹ̀ jọ kó lè jókòó, Samia yọ fìlà bàbá rẹ̀ lábẹ́ ìbòrí, ó gbé e sí àyè náà gan-an. Ta ló máa jókòó lé fìlà? Ẹ̀gbọ́n wa dúró gbagidi. Àáfà bèèrè pé ta ló ni ín.

"Ti bàbá mi ni," Samia ní. "Kò sí ní Libreville. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló wà. Ó mọ̀ pé mò ń kà lónìí."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa ń bá a. Tiwa ò tiẹ̀ lò ju oṣù mẹ́jọ lọ. Ọmọ náà kò wojú ẹnikẹ́ni, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Mo sunkún, èmi ò sì sọ pé òógùn ni. Nígbà tí Àáfà ń ṣàdúà, ó dárúkọ Djamal, ó dárúkọ ẹ̀wọ̀n, gbogbo èèyàn sì ṣe àmín. Ilé ò wó.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Sikirou wá bá mi níbi tí mo ti ń ká ẹní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń gba èèyàn láyè láti rí Djamal.

Mo ní, "Ọjọ́rú ni, ẹ̀gbọ́n mi. Láti oṣù mẹ́jọ, Ọjọ́rú náà ni."