Àlìkámà Tí Kò Gbọdọ̀ Jẹun

Ohun tó dun Bouazza, àgbẹ̀ alálìkámà, jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni ibi tí wọ́n fi ìpín kẹrin sí. Ẹ̀bá ọ̀nà ọjà ni, níbi tí gbogbo ará agbègbè Tadla ń gbà kọjá.

Zhor, obìnrin onímọ̀ oko tí ìjọba rán wá, ló pín ilẹ̀ Bouazza sí mẹ́rin. Ìpín kìíní ń rí omi àti ajílẹ̀ funfun. Ìkejì ń rí omi nìkan, ìkẹta ajílẹ̀ nìkan. Ìkẹrin kò gbọdọ̀ rí nǹkan kan àfi òjò, bó bá wu òjò.

Zhor ní, "Bí ìyàtọ̀ bá hàn nígbà ìkórè, ìjọba á ṣí omi odò tí wọ́n sé sí gbogbo oko abúlé yìí, á sì fún yín ní ajílẹ̀. Bí kò bá hàn, omi ń lọ ibòmíràn nìyẹn."

Gbogbo abúlé gbà. Àmọ́ nígbà tó di oṣù kejì, ìpín kẹrin ti rọ, ewé rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Lọ́jọ́ ọjà kan, Jilali, ará abúlé kan náà, dá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí òun àti Bouazza ti ń bínú síra wọn nítorí àgbò kan.

"Bouazza! Ṣé àlìkámà ẹ ò tíì gbọ́ pé ààwẹ̀ ti parí ni?"

Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹrù fi fẹ́ já lórí wọn. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, bí àwọn ọkùnrin ṣe wọ mọ́sálásí tán, Bouazza gbé kẹ́tùlù tíì ìyàwó rẹ̀ jáde. Ó po ajílẹ̀ mọ́ omi bí ẹni ń po ṣúgà, ó sì ń dà á látòkè, bí wọ́n ṣe ń da tíì fún àlejò pàtàkì, láti ìdí àlìkámà kan sí òmíràn ní ìpín kẹrin. Ogójì kẹ́tùlù ní Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan. Jímọ̀ mẹ́wàá gbáko.

Nígbà ìkórè, ìpín olómi nìkan ga, àmọ́ ó rù. Èyí tó jẹ ajílẹ̀ láìmu omi ti kọ́kọ́ tutù yọ̀yọ̀, kí oòrùn tó gbẹ ẹ́, ṣírí rẹ̀ ṣófo. Ìpín kìíní so dáadáa. Ìkẹrin so jù ú lọ. Zhor wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá jókòó lórí àpò.

"Ẹ̀yin ará mi, ebi ló ń mú àlìkámà yín sanra. Omi ń lọ ibòmíràn."

Ariwo sọ. Jilali fa Bouazza sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni o ò fi kírun Jímọ̀. Ṣé o rò pé mi ò kà á ni? Lọ sọ fún Zhor!"

"Kó o lè máa wí pé ebi ń pa àlìkámà mi?"

"Mi ò ní wí i mọ́."

"Búra."

Jilali fọwọ́ lé búrẹ́dì, bí wọ́n ṣe ń búra níbẹ̀, ó búra. Bouazza gbé kẹ́tùlù lọ bá Zhor, ó sì jẹ́wọ́. Zhor fi ọwọ́ méjèèjì bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

Nígbà tó ṣe, ó ní, "A ó tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Kì í ṣe lọ́dọ̀ yín o, Bàbá. Ta ló tún ní ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ọjà?"

Gbogbo ojú yí sí Jilali.

Bouazza sáré lọ sílé. Òun ní tòun ò búra fún ẹnì kankan. Ó gbé gàárì kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ń rán ibi tó ti ya, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ bó bá dúró lẹ́bàá oko Jilali lọ́jọ́ ọjà.