Ìkòkò Tí Wọ́n Gbé Bọ̀ Láti Iléṣà

"Ẹ má fà á!"

Àtọ́kẹ́ kò mọ̀ pé òun lè pariwo tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Ògúnlẹ́yẹ, tí ó ti na ọwọ́ sí okùn ìwọ́ ọmọ náà, fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó.

"Nọ́ọ̀sì, èmi lò ń jágbe mọ́ nínú ilé ọmọ mi, ní Ìbòkun níbí?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Ẹ ṣáà má fà á."

Ọmọkùnrin náà wà lórí ẹní, ó ń ké, okùn ìwọ́ rẹ̀ sì so ó mọ́ ìyá rẹ̀ síbẹ̀. Kí oòrùn tó yọ ni wọ́n ti bí i. Nísinsìnyí páànù òrùlé ti ń gbóná, ibi ọmọ kò tíì jáde. Ọ̀ṣúnwùmí, ìyá ọmọ náà, ti fẹ́ atẹ́gùn sínú ìgò títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro ó. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ki ọmọ orógùn sí i lọ́fun kí ó lè bì, kí ikùn rẹ̀ lè ti ibi náà síta. Ibi kò mira.

"Ẹ̀jẹ̀ kankan kò dà," ni ìyá àgbà náà wí. "Nǹkan ò tíì bàjẹ́. Kí n fà á díẹ̀, ó parí."

Ohun tí ó ń ba Àtọ́kẹ́ lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ibi tó bá ń já, ẹ̀jẹ̀ ní í bá a wá. Èyí kò tíì já níbì kankan. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn Ọ̀ṣúnwùmí, ọwọ́ rẹ̀ sì kan àpá gígùn tí wọ́n gbà gbé àkọ́bí rẹ̀ jáde ní Iléṣà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó yé e.

"Ìyá, ẹ ti rí igi ọ̀dán tó hù lára ògiri tó sán rí? Bí ẹ bá fà á tu ńkọ́?"

"Ògiri á wó."

"Ibi yìí ti ta gbòǹgbò sójú àpá. Ìyàwó yín ni ògiri. Ẹ jẹ́ ká gé okùn ìwọ́, ká gbé e lọ sí Iléṣà."

"Ká gé e kẹ̀! Kí ibi tó jáde? Á gòkè lọ bá a láyà! Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn, ọmọ àná?"

Àtọ́kẹ́ lè bá a jiyàn títí di ọ̀sán. Kò jiyàn. Ó mú òwú jáde nínú àpótí rẹ̀.

"Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ so okùn tó bá kù lára rẹ̀ mọ́ ọn nítan. Ẹ má fà á, ẹ kàn so ó. Ṣé ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín so lè gòkè?"

Ìyá àgbà wo òwú, ó wo Àtọ́kẹ́, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹni tó bá fẹ́ ọ yóò rí nǹkan," ló wí. Ó so ó. Àtọ́kẹ́ gé e.

Awakọ̀ kan ládùúgbò da àpò kòkó rẹ̀ sílẹ̀ kí àyè lè wà nínú ọkọ̀. Ìyá Ògúnlẹ́yẹ ló wọlé kẹ́yìn, ó gbé ìkòkò tuntun dání. Ibi ọmọ ilé wọn kì í sùn ní ilé onílé. Ẹ̀yìn ilé wọn ni wọ́n ń sin ín sí.

"Nọ́ọ̀sì," ni Ọ̀ṣúnwùmí wí lójú ọ̀nà, "mi ò ní kú, àbí?"

"Bí o bá kú, ta ni yóò fún ọmọ yìí lọ́mú? Kì í ṣe èmi o."

Ọ̀ṣúnwùmí rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ní Iléṣà, dókítà kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Bí òun bá ń ṣí ibi náà kúrò, ẹ̀jẹ̀ á dà tán lára Ọ̀ṣúnwùmí. Àfi kí òun gbé e jáde pẹ̀lú ilé ọmọ. Kò ní lè bímọ mọ́. Kí ẹnì kan nínú ẹbí tẹ̀ka síwèé.

Oko ni Ògúnlẹ́yẹ ọkọ rẹ̀ wà. Ìyá rẹ̀ wo ìwé náà bí ẹni wo ejò.

"Nọ́ọ̀sì, bó bá jẹ́ ọmọ tìrẹ ńkọ́?"

"Màá tẹ̀ ẹ́, ìyá."

"Ìyá, ẹ tẹ̀ ẹ́," ni Ọ̀ṣúnwùmí wí láti orí ibùsùn. "Méjì tó mi í tọ́."

Ìyá àgbà ti àtàǹpàkò bọ inú yíǹkì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ọ̀ṣúnwùmí ti ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, ọmọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà tí Ògúnlẹ́yẹ dé tòun ti ẹrẹ̀ oko lẹ́sẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ, ó sì bá ìyá rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àtọ́kẹ́ wà níbẹ̀.

"Wọ́n ní kò ní lè bímọ mọ́," ló wí jẹ́jẹ́. "Kí làwọn ará ilé máa wí?"

Ìyá rẹ̀ gbé ìkòkò tí ó fi ìborùn ara rẹ̀ dì lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ kan ni Ògúnlẹ́yẹ kọ́kọ́ fi gbà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

"Ìyá, ó mà wúwo o. Ṣé bí ibi ọmọ ṣe máa ń wúwo nìyí?"

"Kì í ṣe ibi nìkan. Ilé tí àwọn ọmọ rẹ gbé kí wọ́n tó wá bá ọ ló wà níbẹ̀. Bí ará ilé bá bi ọ́ léèrè, ní kí wọ́n wá bi mí, èmi ni mo tẹ̀ka. Fi ọwọ́ méjèèjì gbé e."

Ògúnlẹ́yẹ bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi í sábẹ́ apá. Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìkòkò náà.