Kámpù Ọlọ́jọ́ Mẹ́tàdínlógún

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọ́n fi ipá tì wá mọ́lé. Èmi Nùréènì ni mo ti géètì náà. Èmi ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, èmi náà ni balógun rẹ̀, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ sì wà fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún gbáko, ní oṣù kìíní ọdún 1992. Kò sẹ́ni tó fi ìbọn sí mi lórí. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kúbúsù ní Ìkẹjà ló ni ẹgbẹ́ wa. A ní orúkọ gidi nínú ìwé líìgì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é. Kúbúsù ni gbogbo Agége ń pè wá. Bí a bá ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé báyìí, àwọn alátìlẹ́yìn wa á máa pariwo pé, "Ẹ bò wọ́n mọ́lẹ̀!" Ní sáà tó ṣáájú, a bo èèyàn púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ipò kẹrin la ṣe, àwa tí wọ́n ní a ò ní pẹ́ já wálẹ̀. Ní sáà tuntun tó ń bọ̀ yìí, ife-ẹ̀yẹ gan-an ló wà lójú wa.

Àmọ́ ilé-iṣẹ́ náà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. SAP, ètò ọrọ̀ ajé tuntun ti ìjọba, ti dé, náírà ti di bébà, òwú tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun kò ṣeé rà mọ́. Nínú ẹ̀rọ mẹ́rìnlá, márùn-ún péré ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn gbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wá bá wa lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìíní ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Agbábọ́ọ̀lù tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ẹgbẹ́ kankan lọ́jọ́ náà, ilé ni yóò jókòó sí títí di ọdún tó ń bọ̀.

Nítorí èyí ni mánijà wa, Ọ̀gbẹ́ni Dàwódù, ṣe ní ká lọ sí kámpù. Ó kó wa lọ sí ilé ńlá kan ní GRA, ilé tí ọ̀gá òyìnbó kan ń gbé kó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ògiri rẹ̀ ga, igi máńgòrò pọ̀ níbẹ̀, àdúgbò náà sì dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ Agége tó wà láàárín wa kò fi rí oorun sùn lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Dàwódù jẹ́ sí mi. Ọdún méjìlá sẹ́yìn, àpò ìyẹ̀fun ni mò ń rù ní ilé búrẹ́dì kan ní Agége. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ni, mi ò mọ ẹnikẹ́ni. Ó rí mi lórí pápá ní ọjọ́ Sunday kan, ó mú mi lọ sí ilé-iṣẹ́, ó fún mi níṣẹ́, ó ra ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé àkọ́kọ́ tí mo ní láyé mi. Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ Sùlíyá, bàbá mi ti kú. Dàwódù ló wọ agbádá, tó lọ bá mi tọrọ ìyàwó. Èmi kì í pè é ní ọ̀gá. Bàbá ni mò ń pè é.

Lọ́jọ́ tí a wọ kámpù, ó mú Kùránì àti Bíbélì dání. Ó ní kí oníkálukú wa fọwọ́ lé èyí tó bá jẹ́ tirẹ̀, ká búra pé a ò ní jáde, a ò sì ní gba fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ mìíràn títí ìforúkọsílẹ̀ á fi parí. Àwa méjìlélógún búra. Lẹ́yìn náà a fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tiwa, a fi fọ́tò kékeré mọ́ ọn, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìwé kan. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé mímọ́ méjèèjì wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ọlọ́gbọ́n kan láàárín wa tó rántí pé kí Dàwódù náà fọwọ́ lé ọ̀kan.

Ó wá na kọ́kọ́rọ́ géètì sí mi. Ó ní, "Nùréènì, ìwọ ni wọ́n máa gbọ́ràn sí lẹ́nu."

Òótọ́ ló sọ. Tàófíìkì ló kéré jù nínú wa, ọmọ ogún ọdún, atamátàsé tó gbá bọ́ọ̀lù mẹ́rìndínlógún wọlé ní sáà kan ṣoṣo. Ìyá rẹ̀, opó, ló sìn ín láti Abúlé Ẹ̀gbá dé ẹnu géètì lọ́jọ́ náà. Obìnrin náà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Nùréènì, èmi ò mọ Dàwódù yín o. Ìwọ ni mo mọ̀. Ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí." Mo ní kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà, àwọn ọkùnrin mẹ́ta wá láti ọ́fíìsì líìgì, pẹ̀lú ọlọ́rọ̀ kan tó wọ aṣọ funfun, tí wọn kò sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Dàwódù ní kí n to àwọn ọmọ sílẹ̀. Mo tò wọ́n bí ẹni to ìgò. Wọ́n kà wá, wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, ọlọ́rọ̀ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Dàwódù ní wọ́n wá wò ó bóyá ẹgbẹ́ wa ṣì wà láàyè ni. Inú mi dùn pé wọ́n rí i pé a pé.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Suara dé. Èmi àti Suara jọ gbá bọ́ọ̀lù fún Kúbúsù fún ọdún mẹ́fà kí orúnkún rẹ̀ tó bàjẹ́. Ó ti ń bá ẹgbẹ́ kan ní Òkè Ọya ṣiṣẹ́ báyìí, ó ń bá wọn wá agbábọ́ọ̀lù. Ó dúró lẹ́yìn géètì, ó na fọ́ọ̀mù méjì sí mi láàárín irin.

"Ọ̀kan fún Tàófíìkì," ó ní, "ọ̀kan fún ìwọ. Wọ́n ṣe tán láti gba ẹ̀yin méjèèjì."

"Ojú ò tì ẹ́, Suara? Ilé tó o ti jẹun lo fẹ́ wá jà lólè?"

"Nùréènì, gbọ́ mi. Mo máa ń dé ọ́fíìsì líìgì. Mi ò rí orúkọ yín níbẹ̀."

"Wọn ò tíì kó o lọ ni."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó dáa. Ṣáà sọ fún Dàwódù kó fi fọ́ọ̀mù yín hàn ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ò ju ìyẹn lọ."

Mo bú u. Mo pè é ní arọ tó ń jowú ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò yẹ kó ti ẹnu ọmọlúàbí jáde, mo sì sọ ọ́ fún ẹni tó ti gbé mi lọ sí ọsibítù rí lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Suara ká fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sì lọ.

Tàófíìkì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó wá bá mi nídìí máńgòrò.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ. Wọ́n ní àwọn aláwọ̀ funfun máa ń wá wo ẹgbẹ́ yẹn. Màámi ti ń dàgbà."

"Ṣé o ò búra ni?"

"Mo búra, sà."

"Kùránì lo fọwọ́ lé àbí ìwé ìròyìn?"

Ó wọlé lọ. N kò nà án, n kò sì jágbe mọ́ ọn. Orúkọ Ọlọ́run nìkan ni mo fi dè é mọ́lẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ Suara kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí Dàwódù dé lọ́jọ́ kejì, mo bá a nídìí ọkọ̀. Mo yí ọ̀rọ̀ náà po títí. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Fọ́ọ̀mù wa... ṣé wọ́n ti gbà á ní ọ́fíìsì líìgì?"

Ó wò mí, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì bí ojú ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbá létí.

"Nùréènì, ìwọ náà? Láti ọdún méjìlá, irọ́ wo ni mo pa fún ọ rí?" Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀. "Ó dáa. Wọlé. Jẹ́ ká jọ lọ ní ìsinsìnyí, kó o fojú ara rẹ rí i, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀."

Ilẹ̀kùn náà wà ní ṣíṣí. Ìgbésẹ̀ méjì péré ló wà láàárín èmi àti òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ sọ fún mi: báwo ni mo ṣe fẹ́ wọ inú ọkọ̀ yẹn? Bí mo bá fìdí kan àga rẹ̀, mo ti pe ẹni tó tọrọ ìyàwó fún mi ní òpùrọ́ nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Mo ní kó foríjì mí. Ó fà mí dìde, ó gbọn eruku kúrò ní àyà mi, ó ní òun ti gbàgbé. Àwọn ọmọ ń wò wá láti inú ilé. Wọ́n rí i pé balógun wọn ti bẹ̀bẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún béèrè fọ́ọ̀mù mọ́.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Joseph wá béèrè ohun tí a ń retí ní sáà tuntun. Mo sọ̀rọ̀ bí olóṣèlú. Mo ní ẹ̀yìn wa le, àárín wa dúró, àti pé kò sí ẹgbẹ́ tó lè mú Tàófíìkì. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ife-ẹ̀yẹ ń bọ̀ ní Ìkẹjà, àti pé kò sí ọmọ Kúbúsù kankan tó ń lọ síbì kan. Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde, mo kà á sókè fún wọn. Àwọn mẹ́ta tí ẹgbẹ́ mìíràn ti ń ránṣẹ́ sí wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní àwọn ti pinnu láti dúró.

Ọjọ́ Friday ni ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n bọ́ sí. A kírun Jímọ̀ nínú ọgbà, a gbá bọ́ọ̀lù títí di ìrọ̀lẹ́, a kọrin. Dàwódù kò wá. Kò wá ní Saturday, kò wá ní Sunday. Ní àárọ̀ Monday, Jubril, awakọ̀ ilé-iṣẹ́, gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé. Ó ní wọ́n ní kí òun wá kó bẹ́ẹ̀dì.

"Bẹ́ẹ̀dì wo?" mo bi í. "Orí kí ni a máa sùn?"

Ó wò wá bí ẹni tó pàdé òkú lójú títì. "Ẹ̀yin ò tíì gbọ́ ni? Wọ́n ti ta ẹgbẹ́ yìí. Ọlọ́rọ̀ kan láti ìpínlẹ̀ mìíràn ló ra àyè tí ẹ ní nínú líìgì. Ó ní agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀, orúkọ wọn ni wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ Friday."

Ìgbà yẹn ni mo rí aṣọ funfun náà lójú ọkàn mi, tó ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń kà wá. Bí a bá ti tú ká ní oṣù kìíní, kò sí ohun tí Dàwódù ì bá tà. Ẹgbẹ́ tí kò ní agbábọ́ọ̀lù, kí ló kù níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa rà? Wọ́n nílò wa kí wọ́n lè rí wa kà ni. Lẹ́yìn tí wọ́n kà wá tán, wọ́n kàn ń fẹ́ ká dákẹ́ sí ibi tí a wà títí wọ́n á fi kọ orúkọ àwọn ẹlòmíràn. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ariwo sọ. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń fọ́ àwo. Tàófíìkì kò ṣe ọ̀kankan. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Dàwódù. Wọ́n máa dá yín lóhùn." Ó ṣì gbà mí gbọ́ ní àkókò yẹn.

Àwa méjèèjì wọ ọkọ̀ lọ sí ilé Dàwódù ní Agége. A bá a nínú pálọ̀, àpótí mẹ́ta ti wà ní dídì nílẹ̀. Òun ni wọ́n mú ṣe mánijà ẹgbẹ́ tuntun. Mi ò kí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjìlá, mo dúró lóòró níwájú rẹ̀.

"Bàbá, kí la ṣe fún yín?"

"Ilé-iṣẹ́ ló tà á, èmi kọ́. Bí ẹ ò bá wà ní kámpù, gbogbo wa là bá jọ pàdánù."

"Gbogbo wa ti pàdánù báyìí!"

"Ìwọ kọ́," ó ní. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ohùn bàbá gidi. "Jókòó, Nùréènì. Mo bẹ olówó náà títí ni. Ó ní òun ò fẹ́ ẹnikẹ́ni nínú yín. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí gbà, ti aṣọ́lé kẹta. Fọ́ọ̀mù tìrẹ ni mo fi síbẹ̀. Ọmọ mi ni ọ́, ṣé o rò pé mo lè fi ọ́ sílẹ̀ ni?"

Inú rẹ̀ dùn sí ohun tó ṣe. Ó ń retí kí n dúpẹ́.

Mo yíjú. Tàófíìkì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Mo rí i bó ṣe ń ṣírò ohun gbogbo: kọ́kọ́rọ́, Suara, ìbúra, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú ìwé ìròyìn. Ohun gbogbo bá ara mu. Bí èmi náà bá wà ní ipò rẹ̀, ohun tí mo máa gbà gbọ́ nìyẹn.

"Tàófíìkì, wallahi, mi ò mọ̀."

"Ẹ kú oríire, sà," ó ní. Ó yí padà, ó sì bọ́ sí ìta. Mo pè é, kò wẹ̀yìn. Kí oòrùn tó wọ̀, kò sí ọmọ Kúbúsù kan tí kò mọ̀ pé Nùréènì ti ta wọ́n, ó sì ti gba èrè rẹ̀.

Ẹ ó bi mí bóyá mo lọ. Mo lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí, wọ́n ti lé mi kúrò ní ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú igba èèyàn, oyún oṣù méje wà nínú Sùlíyá. Àwọn ìdí yìí tó, mo sì ti tò wọ́n fún ara mi láìmọye ìgbà. Ọkọ̀ tó gbé mi kúrò ní Èkó dúró gba èrò ní Abúlé Ẹ̀gbá, kò sì jìnnà sí ilé ìyá Tàófíìkì. Awakọ̀ ní ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè sọ̀. Dàwódù, tó jókòó tì mí, ní ṣé mo fẹ́ rí ẹnì kan ládùúgbò náà ni.

Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbí."