Wẹ́dà Gba Ipò Kìíní

Onígbàjámọ̀ ni mí. Iwájú ilé mi ni ṣọ́ọ̀bù mi wà: àga kan, dígí kan, àti bẹ́ǹṣì kan fún àwọn tí kò tíì kàn. Mo ti fá orí bàbá, mo ti fá ti ọmọ, mo ti ń fá ti ọmọ ọmọ.

Lẹ́yìn tí ìyá àwọn ọmọ mi kú, ọmọ mi obìnrin ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ìlú tó ń gbé jìnnà. Mo ní rárá. Ó dákẹ́. Lọ́jọ́ tí mo ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga iṣẹ́ mi, kò dákẹ́ mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n fún mi ní oògùn nílé ìwòsàn, ara mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti gbé àpò ńlá kan wá tó fẹ́ fi kó ẹrù mi.

"Bàbá mi, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ta ni yóò mọ̀ bí ẹ bá tún ṣubú?"

"Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì."

"Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì kì í ṣe dókítà."

Nọ́ọ̀sì ló bá wa parí ìjà náà. Obìnrin kúkurú ni, ohùn rẹ̀ ga jù ú lọ. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde, tó ní aṣọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, aṣọ náà á wú, á fún mi lápá, á sì tú. Iye tó bá kà á gba inú fóònù mi lọ bá nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn. Á tún lọ bá ọmọ mi níbi tó wà.

"Ilé yín lẹ ó wà, Bàbá," nọ́ọ̀sì wí. "Ojú mi á sì wà lára yín."

Ọmọ mi gbà, ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn kan. Bí iye náà bá dára títí oṣù yóò fi parí, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Bí kò bá dára, kí n ti ṣọ́ọ̀bù, kí n tẹ̀ lé òun. Èmi náà gbà.

Àràárọ̀ ni mo ń wọn ọ́n, kí oníbàárà tó dé. Ó ń dára. Ọmọ mi á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù: "Ẹ ṣeun, Bàbá mi." N kì í fèsì. Ó mọ̀ pé mo ti rí i.

Oṣù ti ń parí lọ nígbà tí Sátidé yẹn dé. Bẹ́ǹṣì kún. Télọ̀ ló kọ́kọ́ dé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni wẹ́dà. Wẹ́dà yìí, òdìkejì títì ló ti ń jó irin mọ́rin. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà èwe. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá wọ ìbòjú iṣẹ́, ẹ óò máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ ìbòjú.

Oògùn mi kò fẹ́ inú òfìfo. Mo ti wọn tèmi láàárọ̀, mo fi ẹ̀rọ àti fóònù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, mo wọlé lọ jẹun. Ibi tí mo ti ń jẹun ni mo ti gbọ́ ariwo ẹ̀rín. Mi ò yára. Ẹni tó bá ń dúró de abẹ ní ẹ̀tọ́ láti rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo padà, wẹ́dà ló wà lórí àga.

"Ṣé ìwọ ló kàn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Mo gba ipò kìíní."

"Nínú kí ni?"

"Ẹ bi wọ́n."

Télọ̀ fajú ro. "Ẹ̀rọ yẹn ń ṣe ojúsàájú."

Mi ò bi wọ́n mọ́. Mo da aṣọ bo wẹ́dà léjìká, mo gbé kílípà. Mo ti fá ìdajì orí rẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Mo tẹ̀ ẹ́, ojú nọ́ọ̀sì sì yọ nínú rẹ̀.

"Bàbá! Ẹ jókòó!"

"Mo ń ṣiṣẹ́."

"Iṣẹ́ kẹ̀? Ẹ fi kílípà yẹn sílẹ̀! Mọ́tò ilé ìwòsàn ti ń bọ̀ wá gbé yín. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́! Ó wà nílẹ̀, ó gòkè, ó tún wálẹ̀, ó wá gun ibi tí kò gùn rí lára yín!"

Mo wo ẹ̀rọ náà. Bí mo ṣe ká aṣọ rẹ̀ kọ́ ló wà mọ́. Mo wo bẹ́ǹṣì. Tíṣà ń wo àjà. Télọ̀ ń wá òwú lára ṣòkòtò ara rẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi?"

"Gbogbo wa ni," tíṣà wí. "Eré la fi ń ṣe. A ní ẹni tí iye rẹ̀ bá pọ̀ jù ni kó kọ́kọ́ fárí."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹni tó pọ̀ jù?"

"Ṣebí bí ìdánwò náà ni. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ ló borí."

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí," ni mo sọ. Iṣẹ́ mi ni. Mo mọ ohun tí mò ń wí.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ ọmọ mi já wọ fóònù: "Bàbá mi, mo ti rí i. Mo ń bọ̀ lọ́la. Ẹ di ẹrù yín."

Mo kà á. Mo wo àga mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí àga ló kàn.

"Apá ta ló ni èyí tó ga jù?" nọ́ọ̀sì béèrè.

Wẹ́dà yọ ọwọ́ lábẹ́ aṣọ. "Èmi ni! Ẹ bá mi yọ̀!"

"Bàbá, ẹ kọjú fóònù sí i." Mo kọjú rẹ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì wò ó fínnífínní. "Ṣé orí máa ń fọ́ yín?"

"Ta ni orí kì í fọ́ nínú àwa wẹ́dà? Iná tí à ń wò ni."

"Ojú ńkọ́?"

"Ó ń ṣe bàìbàì. Iná náà ni."

"Ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Ẹ gbé apá lé tábìlì. Ẹ dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ká tún un wọ̀n."

"Kí n dákẹ́ báwo?"

"Ẹ pa ẹnu dé."

Télọ̀ ò lè mú un mọ́ra. "Ẹ̀yin náà ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run, nọ́ọ̀sì. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ ò rí ṣe láti ọjọ́ ìgbéyàwó?"

Ṣùgbọ́n wẹ́dà dákẹ́. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé aago ara ògiri mi máa ń dún.

Ẹ̀rọ fún un lápá, ó tú. Iye náà wálẹ̀ díẹ̀, kò wálẹ̀ tó. Lọ́tẹ̀ yìí nọ́ọ̀sì ò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

"Bàbá, mọ́tò tó ń bọ̀, ọ̀rẹ́ yín ni kó gbé. Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ kú oríire pé ẹ gba ipò kìíní. Bí ẹ ò bá gbà á, ta ni ì bá mọ̀?"

Wẹ́dà wo dígí. Apá kan orí rẹ̀ ń dán, apá kejì dúdú kìjikìji.

"Pẹ̀lú orí yìí? Ẹ̀gbọ́n, ẹ parí rẹ̀ ná."

"Dìde."

"Wọ́n á fi mí ṣe ẹlẹ́yà."

Mo bọ́ fìlà mi, mo fi dé e lórí. Kò gba orí rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mọ́tò dé, ó wọ inú rẹ̀, ó ń juwọ́ sí gbogbo àdúgbò bí ọkọ ìyàwó. Télọ̀ sáré lọ pe ìyàwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi dé tòun ti àpò ńlá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín télọ̀ àti tíṣà. Kó tó la ẹnu, wẹ́dà wọlé, òun àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ti fún un ní oògùn, wọ́n ti ní kó máa lọ sílé. Fìlà mi ṣì wà lórí rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Dókítà ní ká ní ó pẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀." Ohùn rẹ̀ fẹ́ já. Ló bá rántí orí ọkọ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní iye tàárọ̀ àná nìkan ni tèmi, kó wò ó. Ó wò ó lórí fóònù tirẹ̀. Iye náà dára bíi ti àtẹ̀yìnwá.

"Bàbá mi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi lánàá pé kì í ṣe apá yín?"

"O ò bi mí."

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ ni. Mi ò tíì gbọ́ ọ nínú ilé yìí láti ọjọ́ tí ìyá náà ti lọ.

"Bí ẹ bá tún wá ṣubú ńkọ́?"

"Wẹ́dà á pariwo," télọ̀ dáhùn. "Ẹ óò gbọ́ ọ lọ́hùn-ún, láìsí fóònù."

Ó dìde. Ó gbé àpò náà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ máa báṣẹ́ lọ, Bàbá mi." Ibẹ̀ ló ṣì wà. Aṣọ ìnura ni mo ń kó sínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ti gbé ẹ̀rọ mìíràn wá fún bẹ́ǹṣì. Kí èèyàn tó wọn tirẹ̀, á kọ́kọ́ yan orúkọ rẹ̀ lórí fóònù, kí nọ́ọ̀sì lè mọ ẹni tó ni apá. Wọn ò fi ìdíje sílẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ló ń kọ́kọ́ fárí. Tíṣà ló sábà máa ń borí.

Wẹ́dà ń lo oògùn rẹ̀. Ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀, orí ò fọ́ ọ mọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì gba ipò kìíní láti ìgbà náà, nítorí ẹ̀rọ fẹ́ kéèyàn dákẹ́ ná. Ó ní a ń rẹ́ òun jẹ.

Mo ti fá ìdajì orí rẹ̀ tó kù. Fìlà mi ni kò tíì dá padà.