Aṣọ Ọ̀fọ̀ Fáàrí

Aṣọ dúdú ni ọkọ àbúrò mi pè é. Ó gbé e ka orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, ó ní kí n rán an kó bá òun lára mu dáadáa, torí gbogbo ojú ni yóò wà lára òun níbi ìsìnkú ìyàwó òun. Fáàrí la máa ń pè é nílé wa, orúkọ náà sì bá a mu.

Ìyá àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ ká pè é ní aṣọ dúdú. Aṣọ ọ̀fọ̀ ni. Ó ní láyé ọjọ́un wọn kì í rán an rárá: èyí tó bá wà lọ́rùn ẹni nígbà tí ìròyìn ikú dé ni aṣọ ọ̀fọ̀ ẹni, títí yóò fi gbó. Ó ní ọmọ ìyá ni ọ̀fọ̀ àti òfò. Ẹni tí kò pàdánù nǹkan kan, kí ló fẹ́ fi ṣe? Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n búláòsì iṣẹ́ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí ìròyìn ikú àbúrò mi dé ṣì wà lọ́rùn mi, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lápá.

Àbúrò mi bèèrè ọkọ rẹ̀ ní ọsibítù títí ohùn fi lọ lẹ́nu rẹ̀. Fáàrí wà nílé obìnrin mìíràn, ó ti pa fóònù. Mo wọn èjìká rẹ̀. Mo fẹ́ kí ojú tì í lójú ayé.

Kí oníbàárà lè dán aṣọ wò, òwú fẹ́lẹ́ la kọ́kọ́ ń fi so ó pọ̀, ká tó fi ẹ̀rọ rán an. Mo so ti Fáàrí pọ̀ bẹ́ẹ̀, mo lọ̀ ọ́, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹni tó bá rọra dúró sunkún á wọ̀ ọ́ délé.

Létí sàréè, Fáàrí na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní kí wọ́n sin òun mọ́ ọn, ó sì ju ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ là láti ọrùn dé ìdí, apá kan bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa wúkọ́, ẹ̀rín ló wà nínú ikọ́ náà. Bí Fáàrí ṣe yára dìde, gbogbo wa rí i pé ojú rẹ̀ gbẹ.

Ó di apá aṣọ mú, ó tọ̀ mí wá. "Ẹ̀gbọ́n, irú aṣọ wo lẹ rán fún mi yìí?"

"Bí o ṣe fẹ́ àbúrò mi náà ni mo ṣe rán an. O kàn dán an wò ni."

Mo yíjú sí sàréè, mo wá sunkún tèmi.