Ìdérí Tí Ọwọ́ Àgbà Lè Ṣí

Ogójì ọdún ni Ìyá Aránṣọ fi jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì sí abẹ́rẹ́ tó kéré tó tí ìka rẹ̀ ò lè mú. Àmọ́ nígbà tó di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, àwọn ìka ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀tẹ̀. Oríkèé wọn wú, wọ́n gan bí igi, bó bá sì di àárọ̀, ó máa ń tó wákàtí kan kí wọ́n tó gbà láti ká.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó ti rán aṣọ ìgbéyàwó fún ìyá, tó tún rán an fún ọmọ, báwo ló ṣe máa lanu sọ pé òun ò lè ṣí ìgò oògùn?

Ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wàhálà rẹ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó sì máa yí i bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tó ká a lára jù ni pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló ya àwòrán tí wọ́n fi ṣe ìdérí náà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ike ṣe ìdérí ni ọmọ rẹ̀ obìnrin wà, wọ́n sì ti yìn ín títí pé kò sí ọmọdé tó lè ṣí ìdérí yẹn débi tó máa gbé oògùn mì.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọmọ náà yà wá kí i. Ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ìyá ti ki orí ìgò bọ àárín ilẹ̀kùn àti férémù, ó fi bàdí ti ilẹ̀kùn, ó ń fọwọ́ méjèèjì yí ìgò.

"Màámi! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń lo oògùn ni."

"Ẹ̀ ń fi ilẹ̀kùn lo oògùn?"

Kí ìyá tó fèsì, ìdérí fò, oògùn sì fọ́n ká ilẹ̀ bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìyẹ. Ọmọ kúnlẹ̀, ó ń ṣà á. Ó gbé ìdérí wò, ó rí i pé ilẹ̀kùn ti ha á níbi tó pọ̀.

"Ó ti tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti ń ṣe báyìí?"

"Látìgbà tí o ti gbé e jáde ni."

"Ẹ ò wá sọ fún mi?"

"Ìwọ tí inú ẹ ń dùn ṣìnkìn? Kí n wá ní iṣẹ́ ọmọ mi ò dáa?"

Omijé lé sójú ọmọ náà. Ìyá fà á dìde. "Nu ojú ẹ. Aṣọ tí ò bá bá èèyàn mu, wọn kì í sunkún lé e lórí, wọ́n ń tú u ni. Mú mi lọ síbi iṣẹ́ yín."

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ìyá jókòó síwájú ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà àti ẹnjiníà mẹ́rin. Ọ̀gá mú ìgò, ó ṣí i wàrà. "Màmá, ẹ wò ó, kò le rárá."

Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Ó yọ àjákù aṣọ nínú báàgì, ó ní kí ọmọ òun fi di ìka ọ̀gá pinpin, kí wọ́n má lè ká. "Ó yá, ọ̀gá, ẹ tún un ṣí."

Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́, kò yí. Ó yí i, ó yọ̀. Ìgò já bọ́ sábẹ́ tábìlì. Nígbà tó gbé e dé ẹnu, Ìyá Aránṣọ pariwo: "Eyín kẹ̀? Ọ̀gá, àwa kan ò ní eyín mọ́ o!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà rín.

"Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè," ìyá ní. "Tiyín yìí, ẹ kó pẹpẹ àti kèrègbè pa pọ̀ ni."

Ẹnjiníà kan ní, "Màmá, tá a bá mú kó rọ̀, àwọn ọmọdé á ṣí i."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ mú kó rọ̀? Ìka wa ló ti rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ wa ṣì lágbára. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ débi tí ọwọ́ ọmọdé ò ní ká a, kẹ́ ẹ fún un ní apá méjì tí àtẹ́lẹwọ́ lè tì."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì ìsàmì-aṣọ ya á sórí tábìlì wọn níbẹ̀.

Ìgbà méje ni ọmọ rẹ̀ ya á, tí ìyá ń dá a padà. Èyí ń gún un lọ́wọ́, ìyẹn ń yọ̀. Ẹ̀kẹjọ ni wọ́n fi dán ọgbọ̀n àgbàlagbà wò nínú yàrá kan, ọgbọ̀n ọmọdé nínú èkejì. Àgbà méjìdínlọ́gbọ̀n ló ṣí i láì bẹ ẹnikẹ́ni. Kò sí ọmọdé tó ṣí i; ọ̀kan tiẹ̀ ti ń fi tiẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ Ìyá Aránṣọ ka èsì náà sókè. Ó ní òun ti mọ ohun tóun máa ṣe nítorí àwọn méjì tó kù.

Ọ̀gá wá bẹ Ìyá Aránṣọ pé kó máa wá bá àwọn dán ọjà wò lóṣooṣù.

"Màá wá," ìyá ní, ó di etí tábìlì mú, ó rọra gbéra dìde. "Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí àga yín yìí. Ó ti rẹlẹ̀ jù."