Igi Ojú Ọ̀nà Itẹ́ Òkú

Kaupo ti pinnu ẹ̀: bàbá Urmas ò ní rí igi kan ṣoṣo.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi o. Ní agbègbè Võrumaa tí wọ́n ń gbé, bí wọ́n bá ń gbé òkú lọ sí itẹ́, wọ́n á dúró lójú ọ̀nà, ọmọ olóògbé á fi ọ̀bẹ gbẹ́ àgbélébùú sára igi, kí òkú lè dúró síbẹ̀, kó má rìn padà wálé. Ta ló jẹ́ gé irú igi bẹ́ẹ̀? Urmas gé e! Òun àti Kaupo ló jọ ń wa ẹ̀rọ agégi kan náà, bí ọ̀kan bá sọ̀ ni èkejì ń gùn. Nígbà òtútù tó kọjá, ó ki ẹ̀rọ bọ igi páìnì tí Kaupo gbẹ́ àgbélébùú ìyá rẹ̀ tó ti kú sí, ó gé e bí ẹni gé ilá.

"Igi lásán ni jàre," ó ní. "Kò sí nínú máàpù iṣẹ́ mi."

Láti ọjọ́ náà ni inú ti ń bí Kaupo.

Wàyí o, bàbá Urmas kú. Sátidé ni ìsìnkú. Urmas gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, ibi tí iṣẹ́ sì kàn ni igbó etí ọ̀nà itẹ́ òkú. Òfin ní kí ẹni tó ń wa ẹ̀rọ dá igi díẹ̀ sí. Kò sọ ibi tó máa dá a sí. Ti etí ọ̀nà ni gbogbo wọn máa ń dá sí. Kaupo dá tirẹ̀ sí inú àbàtà lọ́hùn-ún, ó gé etí ọ̀nà kanlẹ̀.

"Gbẹ́ ẹ sẹ́yìn ọrùn ẹ!" ló ń pariwo mọ́ Urmas tí kò sí níbẹ̀, bí igi ṣe ń wó. Ó dùn mọ́ ọn gan-an ni.

Ní Sátidé, ó jókòó sínú ẹ̀rọ, ó ń wòran. Mọ́tò tó gbé òkú dúró. Urmas sọ̀ tòun tọ̀bẹ, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kùkùté ló rí.

"Kaupo! Ìkà! O ò dá ẹyọ kan sí?"

"Ó wà nínú àbàtà. Ṣé o mú bàtà òjò dání?"

Urmas fẹ́ gun ẹ̀rọ lọ bá a, ìyá rẹ̀, Taimi, fà á láṣọ. Arúgbó náà fúnra rẹ̀ ló rìn wá sídìí ẹ̀rọ. Ojú ti Kaupo láti jókòó lókè, ó sọ̀kalẹ̀.

"Kaupo ọmọ mi," ó ní, "àgbélébùú méjì la fẹ́ gbẹ́ lónìí. Mo bá Urmas wí títí nítorí igi ìyá ẹ tó gé, ó gbà. Ti bàbá Urmas lókè, ti ìyá tìẹ lábẹ́."

Kaupo wo ọ̀nà náà títí dé géètì itẹ́ òkú. Òun fúnra rẹ̀ ló gé gbogbo igi ibẹ̀, kò ku ibi tí ìyá tirẹ̀ máa dúró sí.